Kú Iṣẹ́ Tó Pẹ́ Lẹ́nu Mi

Ọ̀sán ni mo fẹ́ràn jù láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Bí mo bá jẹun tán, màá gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wa ní Òkèrèwè, màá na ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tí kì í ká tán mọ́ sórí àpótí, oorun á sì máa wá díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní sùn tán, mi ò sì ní là tán. Ibi àárín yẹn ni òórùn igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ti máa ń wá bá mi, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí a ti fá igi kẹ́yìn nílé yìí. Nígbà mìíràn, òòlù ni màá gbọ́: kó, kó, kó, á dúró díẹ̀, kó. Káfíńtà kọ̀ọ̀kan ló ní bí òòlù tiẹ̀ ṣe ń dún. Tèmi máa ń kánjú. Ti ọ̀gá mi máa ń wúwo. Èyí tó ń lu mẹ́ta, tó ń sinmi kó tó lu ẹ̀kẹrin, ti ìyàwó mi ni.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi yìí gan-an ló wà nínú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń yà kí mi, ohun tí ẹ máa ń bi mí ni pé ṣé iṣẹ́ káfíńtà ṣì dáa láti kọ́, àbí kí ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀nà kan náà ló máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì ní Modákẹ́kẹ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi bẹ̀bẹ̀, ọ̀gá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà kí n wọlé. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan ayùn. Ìṣó tó ti wọ́ ni mò ń nà. Ọ̀gá mi kì í ju ìṣó nù. Àpò kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí gbogbo ìṣó tí a bá fà yọ lára pákó àtijọ́ ń wọ̀. Èmi ni màá jókòó ti òkúta, tí màá máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí màá máa fi òòlù nà wọ́n. Bí ọ̀kan bá ṣì wọ́ díẹ̀, ọ̀gá á jù ú padà sẹ́sẹ̀ mi.

Ọkùnrin náà le. Mi ò ní parọ́ fún yín. Bí ọmọṣẹ́ bá gé pákó tó fi ìbú ìka kan kúrú, ọ̀gá á ní kó gbé pákó náà rù, kó máa rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká títí òun á fi jẹun tán. Ọ̀gá wa kì í sì í yára jẹun. Wọ́n ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí tèmi gbóná dáadáa.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá mi le lé lórí jù kì í ṣe pákó. Kíkí ni. Ó ní ẹnikẹ́ni tí a bá bá lẹ́nu iṣẹ́, a gbọ́dọ̀ kí i kú iṣẹ́ kí a tó kọjá. Ẹ máa ní kí ló tún wà nínú ìyẹn, Yorùbá wo ni kì í kí èèyàn kú iṣẹ́. Ẹ dúró ná. Lọ́jọ́ kan, ó rán mi wá sí Òkèrèwè níhìn-ín pé kí n wá wọn fèrèsé kan. Nígbà tí mo padà dé, ó bi mí pé ta ni mo rí lọ́nà. Mo ní mo rí àwọn bíríkìlà, mo kí wọn kú iṣẹ́. Mo rí ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo kí i. Ó ní ta ni mo tún rí. Mo ní kò sí, àfi ìyá kan tó ń fi amọ̀ rẹ́ ògiri ilé ìdáná ẹ̀.

"Ìyẹn ńkọ́? O kí i?"

"Mo ní ẹ káàsán, ọ̀gá."

"Káàsán. Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Amọ̀ ni."

"Kí ló ń fi amọ̀ ṣe?"

Mo fọwọ́ họrí. Mo ní, "Ilé ara ẹ̀ ló ń tún ṣe, ọ̀gá. Mo rò pé àwọn oníṣẹ́ là ń kí kú iṣẹ́ ni."

Ọ̀gá mi gbé ayùn sílẹ̀. Ó ní, "Padà lọ kí i."

Láti Modákẹ́kẹ́ padà wá sí Òkèrèwè, lórí ẹsẹ̀, nínú oòrùn, torí kú iṣẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá náà ti rẹ́ ògiri tán, ó ń fọ ọwọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó wò mí, ó wo ògiri ẹ̀ tó ti ń gbẹ, ó ní, "Oo, ọmọ mi. O mà tètè dé." Ojú tì mí gan-an. Ó yẹ kí ìtìjú yẹn tó mi lò títí ayé, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni mí.

Ìdí ìṣó náà ni mo ti pàdé ìyàwó mi. Ìyá ẹ̀ ń ta ìṣó, ìdè ilẹ̀kùn àti àgádágodo nítòsí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá rán mi, mo débẹ̀, mo ní kí wọ́n wọn ìṣó oníńṣì mẹ́ta fún mi. Ọmọbìnrin tó jókòó ti òṣùwọ̀n bi mí pé kí la fẹ́ kàn. Mo ní pákó àjà ni.

Ó ní, "Èyí tí ẹ ń wí yìí á la pákó àjà yín sí méjì. Ẹ gba oníńṣì kan àtààbọ̀."

Mo ní ọ̀gá mi ló rán mi, kì í ṣe òun. Ó ní kí n padà lọ bi ọ̀gá mi. Mo lọ bi í. Háà, èmi ni mo ti gbàgbé ohun tí wọ́n rán mi. Oníńṣì kan àtààbọ̀ ni ọ̀gá wí. Ọ̀gá mi tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ọmọ yẹn ló yẹ kí n máa kọ́ níṣẹ́, kì í ṣe ìwọ." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ra ìṣó tí a ò nílò. Ọdún méjì lẹ́yìn tí mo kọ́ṣẹ́ tán tí mo gba fúrídọ̀mù, mo fẹ́ ẹ. Ìyá Bọ́dé ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí báyìí, torí àkọ́bí wa.

Mo dá ṣiṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn náà yunifásítì gbà mí sára àwọn tó ń tún ilé ṣe. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Owó oṣù ń wọlé bó ṣe ń wọlé, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó máa ń padà wá bá mi lọ́sàn-án báyìí ni àárọ̀ ibẹ̀: ìkùukùu tó jókòó sórí àwọn òkè, igi tó ṣíji bo ọ̀nà, èmi lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn, tí mò ń yí lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò síbi tí mò ń kánjú lọ láyé. Ilé àwọn olùkọ́ ni mò ń wọ̀ kiri. Ilẹ̀kùn tí kò tì, àjà tó ń wó, kọ́bọ́ọ̀dù tí ikán ti jẹ. Àwọn ìyàwó wọn á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Káfíńtà, Ọlọ́run á máa fún yín lókun." Mo gbọ́ kú iṣẹ́ yó.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ la fi ń fa ayùn, a ó fà á títí èjìká á fi kú. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dé, ó ń gé pákó kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ tó mí. Síkúrúù gba ipò ìṣó, páànù tí kì í dípẹtà gba ipò èyí tó ń dípẹtà. Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi ọwọ́ fa ayùn máa ń gbọ́ ibi tí igi ti jẹrà nínú kó tó rí i, torí ohùn ayùn á yí padà. Ẹ̀rọ ń pariwo jù, kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́. Etí mi kú díẹ̀díẹ̀, mi ò sì mọ̀.

Ilé tèmi ńkọ́? Ilé tèmi kì í bàjẹ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nígbà náà nìyẹn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé á há láàárọ̀, bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, ó ti ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹsẹ̀ àga á yẹ̀, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti dúró. Ẹnu ẹ̀rọ omi á máa jò, á sì dákẹ́. Ẹ ò ní gbàgbọ́, mo rò pé orí mi ló dáa. Mo tiẹ̀ ń fi yangàn fáwọn ẹgbẹ́ mi pé èmi tí mo kan igi ilé náà ni kò jẹ́ kó bàjẹ́.

Ìyá Bọ́dé ló ń tún un ṣe. Á se oúnjẹ tán, á so ìró mọ́ ìdí dáadáa, á mú òòlù kékeré tó gbé kúrò ní ìsọ̀ ìyá ẹ̀ wá. Mo máa ń wà nílé nígbà mìíràn. Màá wà lórí àga pẹ̀lú ìwé ìròyìn, màá máa gbọ́: kó, kó, kó, dúró, kó. Màá ṣí ojú ìwé kejì. Mi ò kí i kú iṣẹ́ rí. Àbí kì í ṣe ilé ara ẹ̀ ló ń tún ṣe?

Ó ku ọdún mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí mo gun òrùlé ilé olùkọ́ kan. Pákó kan wà níwájú mi tí mo fẹ́ tẹ̀. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé kí n máa fi òòlù kan pákó kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ikán bá ti jẹ inú ẹ̀, á dún bí igbá òfìfo. Mi ò kàn án. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tẹ pákó, ta ló tún fẹ́ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ pákó? Ó ṣẹ́. Ohun tí mo rántí ni pé ojú ọ̀run mọ́ kedere, ó ń jìnnà sí mi, mo sì ń rò ó nínú mi pé kí ló ń gbé e lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣẹ́ níbi méjì. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún náà ṣẹ́.

Oṣù méje ni mo fi dùbúlẹ̀ sílé, òjò sì bá mi níbẹ̀. Páànù tiwa ti gbó. Ó ń jò sórí ibi tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sí ní pálọ̀ gan-an, mo sì ń wò ó, mi ò lè dìde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn yọ díẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n gbé àkàbà ti ògiri. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí páànù. Ẹsẹ̀ náà fúyẹ́, ibi tí pákó wà nísàlẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Mo ké láti orí bẹ́ẹ̀dì, "Ìyá Bọ́dé, sọ̀kalẹ̀. Kí laráyé máa wí, pé ìyàwó káfíńtà ń gun òrùlé?"

Ó dá mi lóhùn láti òkè, ohùn ẹni tí ìṣó wà lẹ́nu ẹ̀: "Aráyé kọ́ ni òjò ń pa."

Kó, kó, kó, dúró, kó. Ilé gbẹ. Títí mo fi dìde, omi ò kán sí mi lára mọ́.

Ó yẹ kí n wí nǹkan. Ohun tí mo wí ni ẹ máa gbọ́ báyìí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lè fi ọ̀pá rìn, mo gun àkàbà yẹn, bẹ́ẹ̀ dókítà ti ní mi ò gbọdọ̀ gun nǹkan kan. Mo wo iṣẹ́ Ìyá Bọ́dé. Ó kan ìṣó síbi tí páànù ti ga, kì í ṣe inú kòtò ẹ̀ tí omi ń gbà. Ó gé rọ́bà kéékèèké sábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi gan-an ni, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ òun. Nǹkan kan gbóná láyà mi. Mo fà á yọ. Gbogbo ẹ̀ ni mo fà yọ. Mo ní eré ọmọdé ló ṣe síbẹ̀, kó gbé ìṣó wá kí n ṣe é bí iṣẹ́ ṣe ń rí. Ó gbé ìṣó wá, ó di àkàbà mú fún mi. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ó mú òòlù kékeré ẹ̀, ó nù ún, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ẹ̀.

Òjò tó tẹ̀lé e, ilé jò. Ọwọ́ tí kò tíì san ni mo fi kan ìṣó, gbogbo wọn ló wọ́. Tó. Tó. Tó. Láàárín pálọ̀. Ìyá Bọ́dé gbé abọ́ tánganran kan tó ní òdòdó pupa létí wá, ó gbé e síbẹ̀, ó padà lọ jókòó.

Abọ́ náà wà níbẹ̀ fún òjò ọdún mẹ́fà. Ẹ wo bó ṣe rí. Èmi ò lè gun òkè mọ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti ní kí n máa jókòó pín irinṣẹ́ fáwọn ọ̀dọ́. Káfíńtà wo ló sì máa pe káfíńtà mìíràn wá kan páànù ilé ẹ̀? Gbogbo Òkèrèwè ló máa gbọ́. Ẹni tó lè ṣe é kò fọwọ́ kàn án. Kò bá mi jà o. Ó ń se oúnjẹ mi, ó ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ mi, ó ń bá mi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé há, kò ṣí mọ́. Fèrèsé kan já. Àga mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìgbà náà ni mo tó mọ ẹni tó ń gbé ilé mi ró. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ògiri tèmi lanu, èmi ni mo sì là á. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń fẹ́ ni kí n tún gbọ́ òòlù yẹn kí n tó kú, mi ò sì mọ bí màá ṣe béèrè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú òjò èṣí, orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí náà, mo rí Ọ̀gá Làmídì. Ó ti kú tipẹ́, kò sì yà mí lẹ́nu pé mo rí i. Ṣòkòtò iṣẹ́ ẹ̀ ló wọ̀, ìyẹ̀fun igi wà ní irùngbọ̀n ẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé. Ó fọwọ́ kan ìdè ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tábìlì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó ń lọ láti yàrá dé yàrá, mò ń tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ò dùn mí rárá. Ilé náà gùn ju ilé mi lọ, ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin. Níkẹyìn ó dé ìdí abọ́. Ó wòkè, ó wo àwọn ìṣó tó wọ́, ó wá wò mí.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ni."

"O kí i?"

Mo wo omi inú abọ́. Ó ní, "Padà lọ kí i," bó ṣe wí i nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Mo là. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀, abọ́ ń dún nínú pálọ̀. Ìyá Bọ́dé wà ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ àtíbàbà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo mú ọ̀pá mi, mo dìde. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ débẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó jìn fún mi ju Modákẹ́kẹ́ lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tiẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, mo rò pé èmi ni gbẹ́nàgbẹ́nà inú ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé òun ti ṣe tiẹ̀ tán láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnu tèmi ló kù.

Mo dúró níwájú ẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó bojú wẹ̀yìn. Mi ò parọ́ fún yín, ó bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó wọlé. Láti ogójì ọdún tí a ti fẹ́ra, "o" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, òun ló ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, bí tọkọtaya ṣe ń ṣe ládùúgbò wa. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, ó wojú mi.

"Ta lẹ ń kí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Torí ẹ̀wà tí mò ń ṣa?"

"Rárá. Ẹ kú iṣẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ẹ kú iṣẹ́ àga. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ kú iṣẹ́ páànù, èyí tí mo fà yọ. Ó dáa. Ó dáa ju tèmi lọ, orí àkàbà lọ́jọ́ yẹn ni mo sì ti mọ̀."

Ó tẹ orí ba, ó ń fi ìka yí ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo rí omi tó bọ́ lójú ẹ̀ sórí ẹ̀wà. Tèmi ti ń bọ́ tipẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Oo, Bàbá Bọ́dé. Ẹ mà tètè dé."

Mo ti sọ ìtàn ìyá tó ń rẹ́ ògiri yẹn fún un nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Ó ti pa á mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó wọ yàrá lọ, ó jáde pẹ̀lú òòlù tó wé lásọ. Ó ní, "Ọwọ́ tí kò san lẹ fi kan ìṣó yẹn."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí páànù gbẹ. Lọ́la, ẹ wá di àkàbà mú fún mi."

Mo di àkàbà mú, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í. Ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì fúyẹ́, ó sì ń fi òòlù kan pákó kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ̀ ẹ́. Aládùúgbò wa kan ń kọjá, ó gbọ́ òòlù, ó rí èmi nídìí àkàbà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Káfíńtà." Mo ti la ẹnu láti jẹ́ ẹ, mo pa á dé.

Mo ní, "Èmi kọ́. Ẹ wòkè, ẹni tẹ́ ẹ máa kí wà lókè."

Ọkùnrin náà wòkè. Ó ṣí fìlà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Oo," ó dáhùn, ìṣó wà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ káfíńtà dáa. Bó bá wù yín, ẹ kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ẹ̀rọ náà, kì í ṣe ayé ayùn ọwọ́ mọ́. Ẹ ṣáà máa kan pákó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa gbọ́ ẹni tó ń kan ìṣó nínú ilé yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án. Àwa méjèèjì jókòó ní pálọ̀. Abọ́ tánganran ti padà sí ilé ìdáná, ẹ̀wà la rẹ sínú ẹ̀. Òjò ń lu páànù, oorun sì ti ń gbé mi lọ.

Ìyá Bọ́dé ní, "Ẹ gbọ́."

Mo tẹ́tí. Mo tẹ́tí pẹ́. Mo ní, "Òjò nìkan ni. Mi ò gbọ́ tó, tó, tó mọ́."

Ó ní, "Ohun tí mo kàn síbẹ̀ nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Kò bojú wẹ̀yìn mọ́.